Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI ÌDÍLÉ: Búréèkì tí ó Há

Nínú abala yìí ni a ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, ìtọ́jú ọmọ, àìsàn àti owó ìnáwó ilé. Lónìí ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a mú wá, nítorí pé mọ́tò ti di ọ̀kan nínú ohun èlò ilé fún ọ̀pọ̀ ìdílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ni ó ń sùn.

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Ìbàdàn. Ó ní mọ́tò tí òun fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ a máa fà sí apá ọ̀tún, òórùn bí ìgbà tí nǹkan ń jó a máa jáde láti ibi táyà iwájú kan, irin táyà náà a sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fi ọwọ́ kàn án. Ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni náà ní písítìnì búréèkì ti há, àti pé òun yóò dí búréèkì ẹsẹ̀ yẹn pa, kí wọ́n máa lo mẹ́ta tí ó kù títí owó yóò fi dé. Ìyá náà bèèrè pé ṣé kí òun gbà fún un.

Èsì wa kò gùn: Rárá o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má gbà fún un, ẹ má sì gbé ọmọ sínú mọ́tò tí a bá dí búréèkì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pa, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré. Ó tọ́ kí a sọ ìdí rẹ̀, kí a sì ṣe àlàyé bí a ti ń tú písítìnì tí ó há sílẹ̀, tí a sì ń tún un ṣe. Ẹni tí ó mọ irinṣẹ́ lò lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè dúró ti oníṣẹ́, kí ó sì mọ ìgbà tí ó ń ṣe dáadáa àti ìgbà tí ó ń tan òun jẹ.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ DÍDÍ BÚRÉÈKÌ

Àwọn kan nínú àwọn oníṣẹ́ a máa fi irin róbótó kékeré dí ọ̀nà tí ọ́ìlì búréèkì ń gbà lọ sí ẹsẹ̀ kan. Àwọn mìíràn a máa fi ẹ̀mú tẹ ọ̀pá náà pa. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni òórùn yóò dáwọ́ dúró, mọ́tò yóò máa sáré geere, ẹni tí ó ni ín yóò sì máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kò tún ohunkóhun ṣe. Ẹnu ẹni tí ń ké ìbòòsí ni a fi ọwọ́ bò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, tí a sì tẹ búréèkì, gbogbo ìwúwo rẹ̀ a dà síwájú, gẹ́gẹ́ bí àwọn èrò inú rẹ̀ ti máa ń tẹ̀ síwájú. Nítorí náà ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá mọ́tò dúró. Bí a bá dí ọ̀kan pa, ìdajì agbára iwájú ti lọ. Kò tán síbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ń dúró, èkejì ń sáré lọ. Mọ́tò yóò sì yí sí ìhà èyí tí ń dúró. Láti ọjọ́ 2 oṣù Ẹ́príìlì, 1972, ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún títì ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a dí, ní ọjọ́ tí ọmọ kan bá já lu títì lójijì, tí ẹ sì fi gbogbo agbára tẹ búréèkì, apá òsì ni mọ́tò yóò gbé yín lọ, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀ wá pàdé yín. Bí ó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ni a dí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ẹ̀bá ọ̀nà ni yóò gbé yín lọ.

Bí a kò bá dí i, tí a kàn fi í sílẹ̀ bí ó ti wà ńkọ́? Èyí pẹ̀lú kò dára. Ooru ẹsẹ̀ tí ó há a máa wọ inú ọ́ìlì búréèkì lọ. Ọ́ìlì tí a kọ DOT 3 sí lára agolo rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi mu, ìwọ̀n tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 140 lọ. Ti DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tí ó jẹ́ tuntun, àti 155 nígbà tí omi bá ti wọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tí ó bá hó a di òyì. A lè fún òyì pọ̀ bí a ti ń fún kànìnkànìn, ṣùgbọ́n a kò lè fún ọ́ìlì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ búréèkì yóò wọlẹ̀ lásán lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, mọ́tò kò sì ní dúró.

BÍ BÚRÉÈKÌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Frederick Lanchester, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí búréèkì onídísìkì ní 1902, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó tẹ́wọ́ gbà á. Nígbà tí mọ́tò Jaguar tí ó lo irú rẹ̀ gba ipò kìíní nínú eré-ìje oníwákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1953, òkìkí rẹ̀ kàn. Lónìí, òun ni ó wà ní ẹsẹ̀ iwájú èyí tí ó pọ̀ jù nínú mọ́tò tí ẹ ń rí ní títì.

Dísìkì ni àwo irin tí ń bá táyà yí. Kálípà ni irin tí ó gun etí àwo náà, bí ẹni tí ó fi àtàǹpàkò àti ìka mú etí àwo ọbẹ̀. Nínú kálípà ni písítìnì wà, irin róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo bí ife kékeré. Bí ẹ bá tẹ búréèkì, ọ́ìlì ni ẹ ń tì. Ọ́ìlì a gba inú ọ̀pá kọjá, a ti písítìnì, písítìnì a sì ti páàdì lu dísìkì. Nínú kálípà onípísítìnì kan, irú èyí tí ó wà níwájú Toyota Corolla àti ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké, kálípà fúnra rẹ̀ a máa yọ̀ lórí irin róbótó méjì, a sì fa páàdì kejì wá láti òdì kejì. Irin méjì yìí ni a ó máa pè ní irin ìyọ̀.

Nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ni ó ń fa písítìnì padà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sípíríìnì kan wà níbẹ̀ tí ń ṣe é. Kò sí. Òrùka rọ́bà kan ṣoṣo, tí ó ní igun mẹ́rin, ni ó jókòó sínú kòtò tóóró tí a gbẹ́ sí ara ihò kálípà. Òrùka yìí di písítìnì mú pinpin kí ọ́ìlì má baà jò. Bí písítìnì bá ń jáde, rọ́bà a tẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ọ́ìlì bá dẹwọ́, rọ́bà a nà padà sí ipò rẹ̀, a sì fa písítìnì sẹ́yìn. Ibi tí ó fà á dé kò tó milimítà kan, síbẹ̀ ó tó láti jẹ́ kí táyà yí láìsí ìdíwọ́.

Níhìn-ín ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Agbára tí ń ti písítìnì jáde pọ̀ púpọ̀. Agbára tí ń fà á padà kò ju ti rọ́bà kékeré lọ. Nítorí náà ìpáàrà tí kò lè dí ìjáde rẹ̀ lè dí ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí búréèkì tí ó há fi ń dá mọ́tò dúró bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n tí kì í fẹ́ tú u sílẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ UN HÁ

Ìta ni ìdí kìíní ti ń wá. Ìbòrí rọ́bà kan wà ní ẹnu písítìnì tí ó ń dènà eruku àti omi. Bí ó bá ya, omi òjò, ẹrẹ̀ àti iyanrìn a wọlé, ara písítìnì a sì dógùn-ún. Inú ni ìdí kejì ti ń wá. Ọ́ìlì búréèkì a máa fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ ní ìgbà òjò ti máa ń ṣe. Bí a bá fi ọdún púpọ̀ lò ó láìpààrọ̀, omi inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin láti inú wá. Mọ́tò tí ó dúró sí ojú kan fún oṣù púpọ̀ wà nínú ewu yìí ju èyí tí ń rìn lójoojúmọ́ lọ. Mọ́tò tòkunbọ̀ tí ó ti rìn ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù sì lè ti gbé ìpáàrà rẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun.

Ìdí kẹta ni ọwọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó bá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú agolo búréèkì yóò mú kí àwọn rọ́bà inú rẹ̀ wú, kí wọ́n sì bàjẹ́, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ kan, bí kò ṣe ní gbogbo ẹsẹ̀.

KÍ A MÁ ṢE DÁ ALÁÌṢẸ̀ LẸ́BI

Kì í ṣe gbogbo táyà tí ń gbóná ni písítìnì rẹ̀ há. Irin ìyọ̀ lè gan, ọ̀pá rọ́bà tí ń gbé ọ́ìlì wá sì lè bàjẹ́ nínú. Ní ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, okùn irin búréèkì ọwọ́ pẹ̀lú lè há. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ gbé mọ́tò sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ fi igi tàbí òkúta ti àwọn táyà tí kò ní kúrò nílẹ̀. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó fi jáàkì gbé e sókè, kí ẹ sì gbé e ka orí síténdì irin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ara bọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró, tàbí tí a gbé ka búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé, nítorí búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ láìkìlọ̀. Ẹ má fẹ́ eruku páàdì pẹ̀lú ẹnu, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí, nítorí pé eruku náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ fi ọwọ́ yí táyà náà. Bí kò bá yí, ẹ wo ẹ̀yìn kálípà, ẹ ó rí nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ ki ọ̀pá rọ́bà tóóró bọ ẹnu rẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ sì dẹ ẹ́ díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá tú jáde pẹ̀lú agbára, tí táyà sì yí lójú ẹsẹ̀, písítìnì kò jẹ̀bi. Ọ́ìlì ni kò rí ọ̀nà padà, ọ̀pá rọ́bà tí inú rẹ̀ ti wú ni ó sé e mọ́. Òun ni kí ẹ pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó há lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo òkè, níbi ẹsẹ̀ búréèkì àti máásítà tí ń ti ọ́ìlì.

Bí táyà kò bá yí síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tú kálípà kúrò lórí dísìkì. Ẹ fi wáyà so ó kọ́ sókè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Ẹ fa irin ìyọ̀ méjèèjì wò: ìka yẹ kí ó lè tì wọ́n wọlé kí ó sì fà wọ́n jáde. Páàdì tí ọ̀kan ti jẹ tán tí èkejì ṣì nípọn a máa tọ́ka sí irin ìyọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n bá gan, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi gírísì tí a ṣe fún búréèkì pa wọ́n. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín yóò parí sí. Bí wọ́n bá ń yọ̀ dáadáa, ẹ gbé páàdì àtijọ́ lé ojú písítìnì, kí ẹ fi kílám̀pù tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ ní ṣíṣí. Písítìnì tí ó bá kọ̀ láti wọlé, òun ni ẹlẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra ní ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nínú mọ́tò púpọ̀ tí búréèkì ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú kálípà ẹ̀yìn, ńṣe ni a ń yí písítìnì wọlé bí ẹni yí ìdérí ìgò. Bí a bá fi agbára tẹ irú rẹ̀, yóò bàjẹ́. Mọ́tò tí búréèkì ọwọ́ rẹ̀ ń lo iná mànàmáná pẹ̀lú ní ìlànà tirẹ̀, tí ó wà nínú ìwé rẹ̀.

BÍ A TI Ń YỌ PÍSÍTÌNÌ TÍ Ó HÁ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá mú òòlù àti ẹ̀mú ti písítìnì yóò ha á lára, yóò sì sọ ohun tí a lè tún ṣe di ohun àsọnù. Ẹ má ṣe yọ́ iná sí i rárá: rọ́bà yóò jó, ọ́ìlì tí ó sé mọ́ inú rẹ̀ yóò hó, kálípà náà sì lè bẹ́.

Ọ̀nà tí ó dára jù lọ ni kí a lo agbára mọ́tò fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó tú ọ̀pá ọ́ìlì kúrò, ẹ yọ páàdì, ẹ ti nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ padà, ẹ fi igi pẹlẹbẹ sí ẹnu kálípà, kí ẹ sì gbé àwo sí abẹ́ rẹ̀. Kí ẹnì kejì wọ inú mọ́tò, kí ó máa tẹ búréèkì jẹ́jẹ́. Písítìnì tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 20. Bí ọ́ìlì bá ń tì í pẹ̀lú agbára kílò 30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára kílò 600. Òòlù wo ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀? Písítìnì yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kan igi, ẹ dúró, ẹ fi èyí tí ó fẹ́lẹ́ sí i rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa bu ọ́ìlì kún agolo òkè bí ó ti ń lọ sílẹ̀.

Bí kálípà bá ní písítìnì méjì, èyí tí kò há yóò fẹ́ sáré jáde ṣáájú. Ẹ fi kílám̀pù dì í mú, kí agbára lè dojú kọ èyí tí ó há.

Àwọn kan a máa gbé kálípà lọ sí ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, kí ó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ jáde. Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Ọ́ìlì kì í fò, afẹ́fẹ́ a máa fò: písítìnì tí afẹ́fẹ́ bá tú sílẹ̀ lójijì a fò jáde bí ọta ìbọn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí afẹ́fẹ́ náà kéré, kí igi àti àkísà nípọn wà ní ẹnu kálípà, kí a wọ gíláàsì ìdáàbòbò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìka síbẹ̀.

ÀYẸ̀WÒ ÀTI ÀTÚNṢE

Bí písítìnì bá ti jáde, ẹ yọ ìbòrí àti òrùka rọ́bà. Igi ṣóńṣó ni kí ẹ fi yọ òrùka náà, kì í ṣe abẹ́rẹ́ irin, kí ẹ má baà ha kòtò rẹ̀. Ẹ ju rọ́bà àtijọ́ nù, bí ó tilẹ̀ dàbí ẹni pé ó ṣì dára. Ẹ fi omi ìfọ̀ búréèkì tàbí sípíríìtì fọ ohun gbogbo. Ẹ má lo bẹntiróòlù, ẹ má lo kẹrosíìnì, nítorí ìyókù wọn a máa pa rọ́bà tuntun.

Kòtò òrùka rọ́bà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń gbójú fò. Ìpáàrà a máa gbá jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì ti òrùka mọ́ písítìnì ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá fi rọ́bà tuntun sínú kòtò tí ó dọ̀tí, písítìnì lè tún há kí ó tó pẹ́, a ó sì máa dá ọjà lẹ́bi. Ẹ họ ọ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi mọ́.

Ẹ fi èékánná tẹ̀lé ara písítìnì yípo. Ara rẹ̀ ni rọ́bà ń fi ṣe ilé, nítorí náà ó gbọdọ̀ dán. Bí àbàwọ́n lásán bá wà níbẹ̀, ẹ nù ún kúrò. Bí èékánná bá kọ́ sínú ihò tàbí ibi tí ara rẹ̀ ti bó, ẹ ra písítìnì tuntun. Kí ẹnikẹ́ni má fi sánpépà họ ọ́ kí ó sì sọ pé ó ti tán. Ní ti ihò kálípà, ìpáàrà fẹ́lẹ́ṣẹ́ ibẹ̀ ṣeé fi sánpépà tí ó kúnná jù lọ nù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ ẹ́ jinlẹ̀, kálípà mìíràn ni ó kàn.

Nígbà tí ohun gbogbo bá gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì búréèkì tuntun pa òrùka rọ́bà, kí ẹ sì tò ó sínú kòtò rẹ̀ láìlọ́. Ẹ má fi fasilíìnì pa á, ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á, ẹ má sì fi epo pupa pa á. Ẹ fi ìbòrí sí i, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ti písítìnì wọlé ní tààrà. Bí ó bá kọ̀, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un fi. Ẹ dá kálípà padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ sì di àwọn bóòtù rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé mọ́tò náà sọ.

Bí ooru bá ti jó páàdì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ kan. Kí ẹ sì yẹ kálípà ẹ̀gbẹ́ kejì wò: ọjọ́ kan náà ni a bí wọn, òjò kan náà ni ó sì ti ń pa wọ́n.

LÍLÉ AFẸ́FẸ́ JÁDE

Iṣẹ́ ẹni méjì ni èyí, tọkọtaya sì lè jọ ṣe é. Ẹni ìsàlẹ̀ fi ọ̀pá rọ́bà tóóró sí ẹnu nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́, ó sì ki orí rẹ̀ kejì sínú ọ́ìlì mímọ́ nínú ìgò. Ẹni òkè tẹ búréèkì, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ dẹ nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì àti èéfọ́ jáde, ó tún un dì. Lẹ́yìn èyí ni ó tó sọ pé kí ẹni òkè gbé ẹsẹ̀. Bí ẹni òkè bá gbé ẹsẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó di, afẹ́fẹ́ tí a lé jáde yóò padà wọlé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí èéfọ́ kò fi ní sí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì agolo òkè gbẹ; bí ó bá gbẹ, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ ó tún ṣe, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ oníṣẹ́ ni yóò lè lé afẹ́fẹ́ kúrò pátápátá nínú àwọn mọ́tò ìgbàlódé kan.

Irú ọ́ìlì tí a kọ sí ìdérí agolo ni kí ẹ lò. Ẹ má bu DOT 5 mọ́ DOT 3 tàbí DOT 4, nítorí ẹ̀yà mìíràn ni. Ẹ má lo ọ́ìlì tí a tú jáde mọ́. Bí ó bá kán sí ara ọ̀dà mọ́tò, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kíákíá, nítorí a máa bó ọ̀dà. Ẹ̀yin ìyá, èyí kàn yín gidigidi: májèlé ni ọ́ìlì búréèkì, ó sì mọ́ bí ohun mímu. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ìyókù rẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú ilé tí ọmọ bá wà.

Kí mọ́tò tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ búréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ kò ní bá ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wà á jẹ́jẹ́ ní ibi tí kò sí èrò. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ sún mọ́ táyà méjèèjì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ooru wọn láìfọwọ́kàn án. Bí ooru wọn bá dọ́gba, tí ọ́ìlì kò sì jò, iṣẹ́ náà ti yanjú.

ÌTỌ́JÚ

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe mọ́tò ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì búréèkì ní ọdún 2 sí ọdún 3, yálà mọ́tò rìn tàbí kò rìn. Nígbàkúùgbà tí a bá ń pààrọ̀ páàdì, kí a wo ìbòrí rọ́bà písítìnì, kí a sì fọ irin ìyọ̀. Mọ́tò tí kò bá níbi tí ń lọ, kí a máa wà á kiri díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti owó, a mọ̀ pé nǹkan kò rọrùn. Ṣùgbọ́n òrùka rọ́bà àti ìbòrí rẹ̀ kò wọ́n bí kálípà odidi, ẹ sì lè bi oníṣẹ́ yín bóyá òun lè fi wọ́n tún un ṣe kí ẹ tó ra èyí tí ó tóbi. Bí owó náà kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró sílé. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò títí tí yóò fi wà. Pípẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ kì í pa ọmọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, nígbà tí a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ire o.